Níbo Ni Dátà Yín Ń Gbé?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé àwọn ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kóòdù wọn ṣí sílẹ̀ fún ará ayé kalẹ̀ fún ilé-ìwé, ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù àti ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Moodle fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, WordPress fún ojúlé wẹ́ẹ̀bù, Nextcloud fún ìtọ́jú fáìlì, àti irú wọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì dára. Kóòdù wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Bí sáfà, kọ̀ǹpútà tí ètò ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bá jó láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti lè tún ètò náà gbé ka orí òmíràn. Ohun tí ẹ kò lè lọ wá níbòmíràn ni èyí tí àwọn èèyàn yín ti fọwọ́ ara wọn kọ sínú rẹ̀: máàkì akẹ́kọ̀ọ́, owó tí ọmọ ẹgbẹ́ san, fọ́tò ìwé-ẹ̀rí. Nítorí náà, bí wọ́n bá pè mí síbi ètò tí ẹlòmíràn gbé kalẹ̀, mi ò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tí mo fi ń béèrè pé, "Níbo ni dátà yín ń gbé?" Ọ̀pọ̀ kì í rí i dáhùn. Àwọn mìíràn á ní, "Inú Moodle náà ni." Kò sí nínú Moodle.

Moodle ni mo bá ṣe jù, ẹ jẹ́ kí n fi ṣàlàyé. Martin Dougiamas ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, ẹ̀yà 1.0 sì jáde ní ọdún 2002. Ibi mẹ́ta ni nǹkan inú rẹ̀ pín sí. Èkíní ni fáìlì config.php, tó mọ ibi tí database (àkójọ gbogbo àkọsílẹ̀) wà àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Èkejì ni database fúnra rẹ̀, tí MySQL, MariaDB tàbí PostgreSQL ń bójú tó. Ẹ̀kẹta ni fódà kan tí wọ́n ń pè ní moodledata, tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn òde ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti lè rí i. Fódà yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ kan gbé Isiro_JSS2.pdf sórí Moodle. Moodle á ka gbogbo inú fáìlì náà, á fi ìlànà ìṣirò tó ń jẹ́ SHA-1 ṣírò rẹ̀, á sì fi àbájáde ìṣirò yẹn, létà àti nọ́ńbà 40 tó dàrú mọ́ra, ṣe orúkọ rẹ̀ lórí dísìkì. Bí orúkọ tuntun náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3fa9, inú moodledata/filedir/3f/a9 ni yóò lọ jókòó sí. Orúkọ tí olùkọ́ fún un, kíláàsì tó wà fún, ẹni tó gbé e wá àti ọjọ́ tó gbé e wá, inú database ni gbogbo ìyẹn wà, nínú tábìlì tó ń jẹ́ mdl_files. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé bí olùkọ́ mẹ́wàá bá gbé ìwé kan náà wá, ẹyọ kan ni Moodle máa tọ́jú. Bí alágbàfọ̀ ṣe ń so àmì mọ́ aṣọ, tó sì ń kọ orúkọ oníaṣọ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Bí ìwé bá sọnù, aṣọ wà nílẹ̀ láìní olówó. Bí aṣọ bá sọnù, orúkọ lásán ló kù nínú ìwé.

Ilé-ìwé kan pè mí lẹ́yìn tí sáfà wọn kú. Ẹni tó ń bójú tó o tẹ́lẹ̀ ti ń gbé database jáde lóòrèkóòrè, ó sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò gbé moodledata jáde rí. A dá database padà sórí sáfà tuntun. Gbogbo kọ́ọ̀sì jáde, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ pé, máàkì pé, orúkọ fáìlì tò lọ rẹrẹ. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, jókòó tì mí. Wọ́n ní, "O ṣeun o, ọmọ mi. Ó ti padà."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tẹ ọ̀kan nínú àwọn ìwé yẹn wò."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Moodle ní òun kò rí fáìlì náà. Wọ́n tẹ òmíràn, bákan náà. Wọ́n yíjú sí mi, wọn ò sọ̀rọ̀.

Dísìkì sáfà àtijọ́ ṣì wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì. A so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kan tó ń lo Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), a sì rí púpọ̀ nínú filedir kó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan lórí dísìkì náà ti bàjẹ́. Báwo la ṣe máa mọ fáìlì tó wà lódidi nínú ẹgbàágbèje fáìlì tí orúkọ wọn kò nítumọ̀? Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn tó kọ Moodle ti gbà wá. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé orúkọ fáìlì ni àbájáde ìṣirò ohun tó wà nínú rẹ̀, mo kàn ní kí sha1sum, àṣẹ tó ń ṣe ìṣirò SHA-1 yẹn, tún gbogbo wọn ṣírò. Èyí tí àbájáde rẹ̀ bá orúkọ rẹ̀ mu, odindi ni. Èyí tí kò bá mu, ó ti bàjẹ́, a sì lè lọ sínú mdl_files lọ wo orúkọ tó ń jẹ́ gan-an, ká sọ fún olùkọ́ tó ni ín pé kó tún un gbé wá. Àwọn tó bàjẹ́ kò pọ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti fẹ́ràn ètò tó bá lè jẹ́rìí ara rẹ̀ báyìí.

Ohun mìíràn tí Moodle kọ́ mi ni pé èwo lẹ kọ́kọ́ gbé jáde ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá kọ́kọ́ da filedir kọ, tí ẹ wá gbé database jáde lẹ́yìn náà, fáìlì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé wá láàárín àsìkò méjèèjì yóò ní orúkọ nínú database láìsí nínú fódà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gbé database jáde, gbogbo ohun tí database náà mọ̀ ti wà nínú fódà kí ẹ tó dé ibẹ̀. Èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ kàn jẹ́ àlékún tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí wọ́n bá sì pa rẹ́ láàárín kan náà, inú trashdir, fódà ìdọ̀tí inú moodledata, ló kọ́kọ́ ń lọ. Nítorí náà, database ṣáájú, fódà tẹ̀lé e. Bí mo bá fẹ́ ṣí sáfà nípò pátápátá, mo máa ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń lò ó ná pẹ̀lú àṣẹ admin/cli/maintenance.php, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ nǹkan sínú rẹ̀ bí mo ṣe ń kó o.

Mo ti sọ pé ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ní ẹ̀dà database nípamọ́. Ẹ̀dà tẹ́nikẹ́ni kò tíì gbìyànjú láti dá padà rí, mi ò kì í kà á mọ́ ẹ̀dà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń fi kóòdù pamọ́ sí, ló jẹ́ kí èyí wọ̀ mí lára, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú sáfà mọ̀ ọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kínní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ wọn kan ń tún database PostgreSQL ṣe. Sáfà méjì ni: èyí tí ayé ń lò, àti èyí tó ń da tàkọ́kọ́ kọ. Fódà orí èyí kejì ló fẹ́ pa rẹ́; orí èyí àkọ́kọ́ ló ti tẹ àṣẹ náà. Kó tó rí i dá dúró, nínú nǹkan bí 300 GB, 4.5 GB ló kù.

Ọ̀nà ìpamọ́ tí wọ́n ní kò kéré. Àwọn fáìlì tí pg_dump, àṣẹ tó ń gbé database PostgreSQL jáde, bá kọ yẹ kó máa lọ sí ibi ìpamọ́ wọn lórí Amazon lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kò sí nǹkan kan. pg_dump ẹ̀yà 9.2 ló ń gbìyànjú láti gbé database 9.6 jáde, ó sì ń kọ̀ lójoojúmọ́. Ímeèlì wà tó yẹ kó sọ fún wọn pé ó ń kọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ímeèlì náà ń lọ kò gbà á wọlé, nítorí kò ní àmì ìdánilójú DMARC. Ohun tó yọ wọ́n ni àwòrán dísìkì kan (ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì lásìkò kan) tí òṣìṣẹ́ kan náà fọwọ́ ara rẹ̀ yà ní nǹkan bí wákàtí 6 ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Dátà wákàtí 6 bá a lọ: ó tó nǹkan bí project 5,000, comment 5,000 àti àkáǹtì tuntun 700. Kóòdù tí àwọn èèyàn fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn nínú Git kò bá a lọ, nítorí ọ̀tọ̀ ni ibi tí ìyẹn ń gbé. Mo bọlá fún wọn pé wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta, wọ́n tilẹ̀ ń fi iṣẹ́ àtúnṣe náà hàn lórí YouTube bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a kì bá tí mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ímeèlì yẹn ni mo mú lò jù. Ètò ìpamọ́ tó ń kígbe nígbà tó bá kùnà lè dákẹ́ fún ìdí méjì: yálà kò kùnà, tàbí kò lè kígbe mọ́. Báyìí, mo yí i padà. Ètò náà ń ránṣẹ́ pé "mo ti ṣe é" sí sáfà mìíràn lóru. Bí iṣẹ́ náà kò bá dé kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀, fóònù mi á dún. Kò tán síbẹ̀: ó máa ń sọ bí fáìlì náà ṣe tóbi tó pẹ̀lú, nítorí pé fáìlì òfìfo náà lè dé láṣeyọrí.

Docker, ètò tó ń di ètò mìíràn sínú àpótí kan tí wọ́n ń pè ní container, wá, ó sì mú ìṣòro tirẹ̀ dání. Láti 2013 tí ayé ti kọ́kọ́ rí i, ó ti sọ ìgbékalẹ̀ di ohun ìrọ̀rùn débi pé ẹni tí kò mọ Linux pàápàá lè gbé Nextcloud dìde ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ètò bá kọ sínú container fúnra rẹ̀, bí ẹ bá ti yọ container náà kúrò, ó bá a lọ nìyẹn. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e sínú volume, ibi ìpamọ́ tó wà lóde container, kí ẹ sì fún volume náà lórúkọ.

Kíkùnà láti fún un lórúkọ ló fa ìpayà tí mo fẹ́ sọ yìí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kan pè mí lálẹ́: "Bùrọ̀dá, ẹ gbà wá o. Ẹnì kan wá ṣe update, gbogbo àkọsílẹ̀ owó ti lọ. Ó ní ká dá àkáǹtì tuntun." Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbìyànjú láti fọ ilẹ̀ sáfà náà mọ́. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe image database, àdàkọ tí Docker fi ń dá container, sábà máa ń sọ nínú rẹ̀ pé ibì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ volume. Bí ẹni tó gbé e kalẹ̀ kò bá yan ibi kan fún un, Docker á dá volume aláìlórúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ container kalẹ̀ tí wọ́n sì tún gbé e dìde, Docker á dá òmíràn tó ṣófo sílẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wò ó ni.

Mo tẹ docker volume ls, tó ń to orúkọ gbogbo volume. Orúkọ gígùn bí ejò jáde, létà àti nọ́ńbà 64 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n dá ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wo bó ṣe tóbi tó, mo da èyí tó jọ ọ́ kọ síbòmíràn kí n tó ṣe ohunkóhun, mo sì gbé database ẹ̀yà kan náà dìde lórí ẹ̀dà náà. Owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé síbẹ̀ láìyẹ̀. Ká ní ẹnì kan ti tẹ docker volume prune, tó ń pa irú volume tí a kò lò bẹ́ẹ̀ rẹ́, kí n tó dé, tàbí pé ó fi -v kún docker compose down, tí volume á fi bá container lọ, kò sí ohun tí mi ò bá rí ṣe sí i.

Nítorí èyí, kí ẹnikẹ́ni tó kọ dátà gidi sínú ètò tí mo bá gbé kalẹ̀, mo máa ń kọ ohun kan sínú rẹ̀, màá yọ container náà kúrò pátápátá, màá tún un gbé dìde, màá sì wò ó bóyá ohun tí mo kọ ṣì wà níbẹ̀. Mi ò sì ń lo "latest", ìyẹn ẹ̀yà tuntun jù, fún PostgreSQL mọ́ láé; nọ́ńbà ẹ̀yà ni mo máa ń kọ. Fódà tí ẹ̀yà 15 kọ, ẹ̀yà 16 kò ní gbà á: á ní kò bá òun mu, á sì jókòó. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ti àtijọ́ gbé dátà jáde kí ẹ tó fi tuntun kó o wọlé, tàbí kí ẹ lo pg_upgrade.

Iná ńkọ́? Ẹni tó bá ń gbé níbi tí iná ti ń lọ nígbàkigbà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí fsync jẹ́. Bí ètò bá kọ nǹkan, inú mẹ́mórì ló sábà kọ́kọ́ wà. Linux á kó o jọ díẹ̀ kó tó gbé e lọ sórí dísìkì. fsync ni database fi ń sọ fún Linux pé, "Gbé e lọ báyìí, má sì dá mi lóhùn àfi tó bá débẹ̀." Mo ti bá fsync = off, ìyẹn ni pé wọ́n ti pa á, nínú postgresql.conf ilé-iṣẹ́ kan, nítorí ẹnì kan kà á níbì kan pé ó ń mú kí database yára. Ó yára lóòótọ́. Ọjọ́ tí iná bá lọ lójijì, gbogbo database náà lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2018, àwọn tó ń kọ PostgreSQL rí i pé bí fsync bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, Linux lè sọ pé kò sí wàhálà nígbà tí wọ́n bá tún un pè, nígbà tí dátà náà kò sí lórí dísìkì rárá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2019, PostgreSQL kì í tún un gbìyànjú mọ́. Á dá ara rẹ̀ dúró, á sì tún iṣẹ́ náà ṣe láti inú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní WAL. Èmi kì í pa fsync, mo sì máa ń so UPS mọ́ sáfà pẹ̀lú NUT, ètò tó ń sọ fún sáfà bí bátìrì UPS ṣe kù, kí sáfà lè sùn fúnra rẹ̀ kí bátìrì tó tán.

Fún ètò kékeré, database tó ń jẹ́ SQLite tó. Láti 2000 ni D. Richard Hipp ti ṣe é, ó sì wà nínú gbogbo fóònù Android. Fáìlì kan ṣoṣo ni, ìyẹn ló sì ń tan àwọn èèyàn jẹ. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà WAL, ohun tí wọ́n kọ kẹ́yìn lè má tíì wọ inú fáìlì náà, ká ní app.db ló ń jẹ́; inú app.db-wal ló wà. Ẹni tó bá da app.db nìkan kọ nígbà tí ètò ń ṣiṣẹ́ ti fi ohun tuntun sílẹ̀. Àṣẹ .backup wà nínú sqlite3 fún èyí, VACUUM INTO náà sì wà.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ orúkọ wa. Dátà tó bá padà dé láìsí àmì orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò pé. Nígbà tí ẹ bá dá database padà, ẹ wo orúkọ tó ní ẹ tàbí ṣ nínú. Bí ẹ bá rí "áº¹" níbi tó yẹ kí ẹ wà, ẹ fọkàn balẹ̀: àwọn báìtì rẹ̀ pé, ojú tí wọ́n fi kà á ni kò tọ́, ó sì ṣe é tún ṣe. Bí "?" lẹ bá rí, ó ti lọ pátápátá, database tàbí ètò ìgbéjáde kan ti sọ ọ́ nù nítorí pé latin1, ìlànà ìkọ létà tí kò ní ẹ àti ṣ, ló ń lò. Mo máa ń fi --default-character-set=utf8mb4, ìlànà tó mọ gbogbo létà wa, sínú gbogbo mysqldump, àṣẹ tó ń gbé database MySQL jáde. MySQL 8.0 sì ní ìṣòro mìíràn fún wa: bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, Ọlá àti Ola jẹ́ ọ̀kan náà lójú rẹ̀, ó lè kọ̀ láti gba èkejì níbi tí orúkọ kò gbọ́dọ̀ jọra. Ìlànà ìfiwéra utf8mb4_0900_as_cs ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó kù ni pé ẹ́ lè wá ní ọ̀nà méjì láti ara kíbọọ̀dù méjì, tí ojú èèyàn kò ní rí ìyàtọ̀ wọn, tí database yóò sì rí i. Láti ẹ̀yà 13 ni PostgreSQL ti ní normalize() tó ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Mo máa ń ṣe é kí orúkọ tó wọlé, torí mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní àkáǹtì méjì, máàkì rẹ̀ pín sí méjèèjì.

Ní báyìí, restic, ètò ìpamọ́ kan, ni mo fi ń gbé gbogbo ẹ̀dà wọ̀nyí lọ sí ìlú mìíràn. Ó ń tì wọ́n pa kí wọ́n tó kúrò nílé, ohun tó bá sì ti wà lọ́hùn-ún tẹ́lẹ̀, kì í tún un gbé. Èyí bá filedir Moodle mu gan-an: níwọ̀n bí fáìlì inú rẹ̀ kì í ti yí padà, àwọn tuntun nìkan ló ń lọ lóru, dátà íntánẹ́ẹ̀tì tí mo rà kì í sì tètè tán. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà restic bá sọnù, ẹ̀dà náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ọ̀gá àgbà ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní tiwọn nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, pẹ̀lú ẹ̀dà config.php. Ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń mú kọ̀ǹpútà tí kò ní nǹkan kan lórí lọ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á ya àpò náà, a ó sì dá ilé-ìwé náà padà sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá ló máa ń yan fáìlì tí a ó tẹ̀.